Omi Ò Mọ Ẹyin Tó Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará Obbo-Ilé, ilé wo la kì í ti í ṣe é? A ó bomi sínú abọ́, a ó ju ẹyin sí i. Èyí tó bá rì, a ní ó dáa. Èyí tó bá léfòó, a ní ó ti bàjẹ́, ààtàn ló kàn. Mo ní irọ́ ni. Ọjọ́ orí ẹyin ni omi ń sọ fún wa, kò mọ àìsàn tó wà nínú rẹ̀.

Èèpo ẹyin kò dí pa. Ihò tó lé ní 7,000 ló wà lára rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Láti ọjọ́ tí adìẹ ti yé e ni omi inú rẹ̀ ti ń gba ibẹ̀ gbẹ lọ, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé rọ́pò. Ẹ se ẹyin kan, kí ẹ bó o: kòtò tí ẹ bá rí ní ìdí rẹ̀ tó fẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni kòtò ń fẹ̀ sí i, tí ẹyin ń fúyẹ́, títí yóò fi léfòó. Lásìkò ọyẹ́, kíá ni. Ṣùgbọ́n arúgbó kọ́ ni òkú.

Iṣẹ́ kòkòrò àìfojúrí ni kí ẹyin rà. Wọ́n á gba ihò yẹn wọlé, wọ́n á jẹ inú rẹ̀, òórùn burúkú á sì jáde. Èyí tó tún burú jù ni Salmonella: ó lè wà nínú ẹyin kí adìẹ tó yé e. Ẹyin bẹ́ẹ̀ á rì bí òkúta, kò ní rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹni tó wá po irú rẹ̀ mọ́ mílíìkì mu ní tútù nítorí pé ó rì, ta ló tàn án?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ má ri ẹyin bọ omi kí ẹ tún dá a padà sí kéréètì. Omi tútù a máa fa kòkòrò gba ihò wọlé.

Kí ni ká ṣe? Ẹ fọ́ ọ sínú abọ́ kékeré, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí pupa rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí funfun rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ó ti pẹ́ ni. Bó bá rùn, tàbí tí funfun rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, ẹ dà á nù. Èyí tó kù, ẹ sè é títí pupa àti funfun yóò fi dì. Imú àti iná ni kí ẹ fi dájọ́ ẹyin.