Ẹ̀kán omi inú epo àti oògùn ọmọdé

Ẹni tó bá ti jókòó jẹ àmàlà rí l'Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn, kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé omi àti epo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ ata lé gbẹ̀gìrì àti ewédú, epo á yọ sókè, á dá dúró láàyè ara rẹ̀. Àìrẹ́ àwọn méjèèjì yìí làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ di irinṣẹ́ àyẹ̀wò kẹ́míkà, ó sì ti tó àkókò kí Nàìjíríà náà jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Pẹlẹbẹ gíláàsì tàbí rọ́bà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń lò. Wọn a la ojú ọ̀nà tó tín-ín-rín bí irun orí sí i nínú. Epo á máa ṣàn lọ nínú ọ̀nà náà, omi tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, epo á gé omi náà sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ń tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Lọ́dún 2001, Stephen Quake àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Mílílítà omi kan ṣoṣo, tí kò kún ṣíbí ìmutíì, lè di ẹ̀kán mílíọ̀nù kan. Nítorí pé epo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, kò sí èyí tó ń pò mọ́ èkejì. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan di ìkòkò àyẹ̀wò tirẹ̀: kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ padà ti wà nínú rẹ̀, iná á tàn sí i, ẹ̀rọ á sì ka ohun tó bá rí.

Àwọn òbí tó dàgbà kò ní gbàgbé ọdún 1990, nígbà tí ọmọ 47 kú ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu parasítámọ́ọ̀lù olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kẹ́míkà yìí mọ́ gaara, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń bàjẹ́. Ọmọ á ṣíwọ́ títọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Lọ́dún 2008 ó tún ṣẹlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nínú oògùn eyín ọmọ, ẹ̀mí ọmọ 84 ló sì bá a lọ. Ó dé Gambia lọ́dún 2022.

Ìṣòro náà kì í ṣe àìmọ̀. Ẹ̀rọ tó lè dá májèlé yìí mọ̀ wà ní ilé àyẹ̀wò ńlá, àmọ́ ó wọ́n, kẹ́míkà tó ń lò wọ́n, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ẹni tó ra dúrọ́ọ̀mù ogún á yẹ ẹyọ kan wò, á ní ó ti tó. (Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yẹ ẹyọ kan náà wò.) Àyẹ̀wò tí kò gbà ju ẹ̀kán omi lọ kò ní fi àwáwí sílẹ̀ fún wọn.

Lóòótọ́, irinṣẹ́ yìí kò tíì di ohun tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba. Ilé ìwádìí àti ilé ìwòsàn ńlá ló pọ̀ sí jù, níbi tí wọ́n ti ń fi ka àbùdá kòkòrò àrùn. Ẹnì kan ṣì ní láti jókòó, kó wá kẹ́míkà tí yóò máa fi májèlé yìí hàn nínú ẹ̀kán. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka kẹ́mísìrì àti ti ìpoògùn? TETFund ń ná owó sórí ìwádìí. Àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn náà ń jèrè. Kí wọ́n jọ gbé e.

Ìyá àgbà tó ń ra oògùn ikọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ l'Ọ̀rányàn lè wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kó wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Oògùn eyín tọdún 2008 náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.