Kasíyé Rẹ̀ Mọ́, Fóònù Ìlú Kò Mọ́

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ mi ní Pọbẹ̀ ni mo rán sí Ṣakẹ́tẹ́ pé kó gbé àńkòó ìyàwó lọ fún oníbàárà. Sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, ló gùn. Kí wọ́n tó wọ ìlú, ọlọ́pàá dá wọn dúró: wọ́n ní alùpùpù náà, jíjí ni. Wọ́n kó ẹni tó wà á, wọ́n kó èrò mọ́ ọn. Ọmọ mi sùn lágọ̀ọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n rí i pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Fóònù ti sáré ṣáájú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kétu ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọmọkùnrin yìí, ṣé kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ yín?” Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, kò wọ bàtà, aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀, mo ti dá ìṣẹ́tí tí mo fọwọ́ mi rán mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀: “Ọwọ́ tẹ olè alùpùpù.”

Abala 17 nínú òfin ìpìlẹ̀ wa ní Benin ti 1990 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Abala 18 ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fi èèyàn sí àhámọ́ ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ bá pàṣẹ. Wọ́n ń ka wákàtí fún àhámọ́. Ta ló ń ka ọdún fún àwòrán?

Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ wáṣẹ́, wọ́n ní kó mú kasíyé wá, ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá èèyàn lẹ́bi rí. Ó gbà á nílé ẹjọ́ Pọbẹ̀. “Néant” ni wọ́n kọ síbẹ̀: kò sí nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ wo ìwé, ó wo fóònù, ó ní òun yóò pè é. Kò pè é.

Ẹ wá wò ó: àní ẹni tó jẹ̀bi lóòótọ́, òfin ṣì ń bò ó láṣìírí díẹ̀. Oríṣi ìwé kasíyé mẹ́ta ló wà. Adájọ́ ló ń rí èyí tí gbogbo ẹjọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan ń rí ìkejì. Ẹni tó ni ín nìkan ló lè béèrè ìkẹta. Aládùúgbò kò lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí kò dé iwájú adájọ́ rí ni gbogbo ọjà wá ń yẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé olè ń dà wá láàmú. Wọ́n ti jí ẹ̀rọ ìránṣọ mi rí, mo sì fẹ́ rí ojú wọn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá lè ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ẹni tó bá sì ti fi àwòrán síta, kó fi ìtúsílẹ̀ náà síta, kí àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ lè ka ìkejì.

Oníbàárà mi gba àńkòó náà nígbẹ̀yìn. Ìyá ìyàwó kàn ní kí n bá òun fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.