Àlọ́ Tó Re Àjò: Ohun tí Iṣẹ́ Bernard Dadié ń Sọ fún Olùkọ́ Èdè Abínibí

Nínú Climbié, ìwé ìtàn tí Bernard Dadié gbé jáde ní ọdún 1956, ìjìyà kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá yóò dá mọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ dé Abidjan rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú ìwé náà lọ lábẹ́ ìjọba Faransé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé àmì kan lé lọ́wọ́. Àmì ẹ̀sín ni. Ẹni tí àmì náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa dẹtí sí ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Báyìí ni ọmọ ṣe ń di ọlọ́pàá lórí ahọ́n ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, owó ìtanràn, ẹgba tàbí ìkúnlẹ̀ ló ń dúró de ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Orúkọ yàtọ̀, ìjìyà kan náà ni.

Ìlú Assinie létí òkun, ní gúúsù ìlà-oòrùn Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti bí Dadié ní 1916. Abidjan ló dákẹ́ sí ní 2019, lẹ́ni ọdún 103. Ó kọ ìtàn àròsọ, eré onítàn, ewì àti àlọ́, okùn mẹ́ta ló sì gba inú iṣẹ́ rẹ̀ já. Èkíní ni ìgbé-ayé ojoojúmọ́, bí ó ti hàn nínú Climbié. Èkejì ni ìtàn agbègbè. Ní 1949, ìjọba amúnisìn sọ òun àti àwọn olóṣèlú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n ní Grand-Bassam. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin gbéra láti Abidjan, wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀ láti béèrè pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ìwé tó kọ nípa ẹ̀wọ̀n náà, Carnet de prison, jáde ní 1981. Ẹ̀kẹta ni ohun àràmàǹdà, èyí tó kún inú àkójọ àlọ́ rẹ̀ ti 1955, Le Pagne noir, ìyẹn Aṣọ Dúdú.

Nínú àlọ́ tí ìwé náà ti gba orúkọ, ìyàwó bàbá gbé aṣọ dúdú lé ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Aïwa lọ́wọ́, ó ní kí ó fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun bí ẹfun. Ọmọ náà ń rìn láti odò dé odò, omi kò sì ran aṣọ náà. Ó ń kọrin sí ìyá rẹ̀ tó ti kú, títí ìyá náà fi yọ sí i, tó fi aṣọ funfun rọ́pò dúdú. Nígbà tí ó délé, ìyàwó bàbá rí i pé ọ̀kan nínú aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá ọmọ náà ni. Ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí àlọ́ ọmọ òrukàn tí wọ́n pa fún un nílé? Bákan náà ni Kacou Ananzè, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ inú ìwé náà, jẹ́ ìbátan Ìjàpá.

Àwọn kan yóò ní èdè Faransé ni Dadié fi kọ̀wé, pé kò kan olùkọ́ Yorùbá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Côte d'Ivoire tó bí ọgọ́ta, Faransé nìkan sì ni òfin orílẹ̀-èdè náà ti 2016 fi ṣe èdè ìjọba. Ìwé Faransé ló jẹ́ kí ọmọ Senufo àti ọmọ Baoulé lè ka àlọ́ kan náà. Ọpẹ́ yẹ ẹni tó kó àlọ́ pamọ́ kí àwọn àgbà tó kó o wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé rẹ̀ kò lè kó pamọ́ ni ègbè. Wọ́n tẹ orin Aïwa sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò rí ibi tí yóò ti gbè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú àlọ́ àpagbè, ìdajì iṣẹ́ wà lẹ́nu ẹni tó ń gbọ́. Bí àlọ́ bá re àjò lọ sínú èdè mìíràn, ìtàn a dé ibẹ̀, ègbè a kù sọ́nà.

Yorùbá kò ní àwáwí tí Côte d'Ivoire ní. Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. D. O. Fágúnwà ti fi Yorùbá kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí láti 1970, fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2022, pé kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni wọ́n fagi lé ní 2025. Ìwọ̀nba àkókò iṣẹ́ Yorùbá ló kù sí olùkọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ẹ̀yà gbólóhùn àti òwe àkọ́sórí, tó sì fi àlọ́ sílẹ̀ fún ìṣeré ọmọdé, òun náà ń ti èdè lẹ́yìn ṣubú ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ènìyàn lára jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Abidjan. Láti ayé amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Faransé ni ọmọ wọn ń gbọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, Yorùbá ni ìyá àgbà ń sọ nílé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wálé, tí ó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá, kí olùkọ́ ní kí ó pa àlọ́ Aïwa ní èdè ìyá rẹ̀. Yóò wá ọ̀rọ̀ fún odò, fún ẹfun, fún aṣọ òkú. Ìgbé-ayé ojoojúmọ́ nìyẹn. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bí ìdílé wọn ṣe dé Abidjan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀; ìtàn agbègbè nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì fi ègbè sí orin ọmọ òrukàn náà, kí gbogbo wọn gbè é, kí ẹ̀rù díẹ̀ bà wọ́n nígbà tí òkú bá yọ. Ọmọ tí ó ti gbè é lẹ́ẹ̀kan kò ní ka Yorùbá sí ìjìyà mọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì nílò àṣẹ láti Àbújá. Agbára kọ́ ni Aïwa fi sọ aṣọ dúdú di funfun. Ó kọrin sí ìyá rẹ̀ ní èdè tí ìyá náà gbọ́, ìyá sì dá a lóhùn. Kí olùkọ́ èdè abínibí má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ gbàgbé èdè tí wọn yóò fi pe ìyá.