Ẹ Má Fi Orúnkún Wa Kọ́ Wa Ní Ìfaradà

Lọ́jọ́ ìdána mi, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó ní ká wólẹ̀ fún àwọn àna, gbogbo ọ̀rẹ́ mi wólẹ̀ gbalaja. Èmi tó ń gbéyàwó gan-an ni mo dúró bí òpó iná, tí èèyàn méjì di apá mi mú, tí wọ́n ń rọra sọ̀ mí kalẹ̀ bí ẹni sọ fìríìjì. Bàbá àgbà kan nínú àwọn àna mi ní, "Ẹ gbé e dìde o, ó ti tó." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Mọ́tò kọ́ ló gbá mi. Kàráté ni mo lọ kọ́.

Iṣẹ́ sọ́fítíwia ni mò ń ṣe, àárọ̀ di alẹ́ lórí àga. Torí ẹ̀yìn tó ń ro mí ni mo ṣe wọ dojo kan l'Ékòó. Ilẹ̀ kọnkéré ni, rọ́ọ̀gì ni wọ́n tẹ́ lé e. Lálẹ́ ọjọ́ kan, à ń ta mawashi geri, ìpá tí ẹsẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yípo wá. Tí o bá ń ta á, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún ni yóò gba gbogbo yíyí yẹn sára. Rọ́ọ̀gì di àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú. Ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Mo gbọ́ pọ̀ọ́.

"Sensei, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúnkún mi dún."

"Ṣé o ti kú ni? Dìde jàre! Ọkùnrin kì í sunkún."

Mo dìde, mo tún ta ogún ìpá sí i. Kí n tó délé, orúnkún ti wú bí àgbọn. Ẹnì kan fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn fi òróró wọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà sí dojo kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀lẹ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, dókítà wo àwòrán MRI, ó ní ACL ti já, ìyẹn iṣan tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun nínú orúnkún. Ohun tó dà bí tìmùtìmù láàárín egungun méjèèjì náà ti ya, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpá tí mo ń ta lọ lórí orúnkún tó ń yẹ̀ ló ya á. Iṣẹ́ abẹ àti fisio jẹ owó ìgbéyàwó mi.

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, tí nǹkan bá bàjẹ́, error máa ń jáde. Ẹni tó bá fi error pamọ́, tó wá ń pariwo pé ètò òun ń ṣiṣẹ́, ọ̀dẹ̀ là ń pè é. Ìrora ni error ti ara. Kí ló dé tá a wá ń pe ẹni tó fi í pamọ́ ní akọni?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní eré ìjà kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrora méjì ló wà. Èyí tó mú itan méjèèjì, tó lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ fara dà á. Èyí tó dúró sójú kan ní oríkèé, tó wú láàárín wákàtí díẹ̀, tí orúnkún ń yẹ̀ tàbí tó há tí kò ṣeé nà, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí o ò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí o sì mọ̀ pé egungun ni X-ray ń fi hàn. Ó lè ní kò sí nǹkan, kí iṣan sì ti já.

Ẹ wo àwọn tí ìjà jẹ́ oúnjẹ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Anderson Silva ta ìpá, Chris Weidman gbé orúnkún pàdé rẹ̀, ojúgun Silva dá lójú ayé. Lọ́dún 2021, ojúgun Weidman náà dá bákan náà. Ta ló ní kí wọ́n dìde ta ogún sí i? Ó lé lọ́dún kan kí Silva tó tún jà. Ti Weidman ju ọdún méjì lọ. Àwa tá a máa jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́la wá ni wọ́n ní ká dìde jàre.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ká rọ́ọ̀gì yẹn kúrò. Ẹ kọ́ wa ní yíyí ẹsẹ̀ kí ẹ tó kọ́ wa ní agbára. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fara pa jókòó ta ẹ̀ṣẹ́ láìsí yẹ̀yẹ́. Owó oṣù la san fún yín, a ò fi orúnkún wa ṣe ìwọ̀fà.

Ìwọ tí orúnkún rẹ dún lánàá, má lọ lónìí. Sensei á bínú. Jẹ́ kó bínú. Òun kọ́ ni yóò bá ọ dọ̀bálẹ̀ fún àna.