Ẹ̀RÍ ÈÉDÚ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Ọjọ́ Orí Ayé, sí Àwọn Oníwàásù, Olùkọ́ àti Ìjòyè ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside

Ẹ̀yin àgbà ọmọ Alárè, ẹ̀yin olórí ìjọ àti ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ̀yin olùkọ́ tí a fa ọmọ wa lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa tí ó yẹ kí a tètè dá sí, kí ó má baà lé àwọn ọmọ tí ń kàwé kúrò nílé ìsìn, kí ó má sì sọ àwa onígbàgbọ́ di ẹni tí ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣe ẹ̀rín. A ń gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pé kábọ́ọ̀nù 14 ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ọjọ́ orí ayé, pé òṣùwọ̀n ẹ̀tàn ni, àti pé nítorí náà ayé kò ju 6,000 ọdún lọ. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí gbà tọkàntọkàn pé Ọba Àìkú, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, ni ó dá ọ̀run òun ayé; ẹni tí ó bá ń wá aláìgbàgbọ́ kí ó yà sí ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ní àwíjàre kan: à ń pe ẹlẹ́rìí kan ní òpùrọ́ lórí ẹjọ́ tí kò jẹ́rìí sí rárá, nígbà tí a sì ń gba ẹ̀rí rẹ̀ níbi tí ó bá ti dùn mọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, tí ó sì jẹ́ pé níbòmíràn ó tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ni ìtàn so mọ́ orúkọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin ọlọ́lá tí sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Erí, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń lọ wá ìbùkún. Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa Erédò yìí ní 1959. Ṣùgbọ́n ọdún 1999, nígbà tí Patrick Darling ti Yunifásítì Bournemouth sọ nípa rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, ni òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun pé bóyá Ọbabìnrin Ṣéba ni Bílíkísù wa. Inú wa dùn, a gbé e jó. Àmọ́ Sólómọ́nì, tí Ọbabìnrin Ṣéba lọ bẹ̀ wò, ti tó 3,000 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù kò gbé Erédò sún mọ́ ibẹ̀: àwọn kan fi í sí àárín 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ìwádìí tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe lẹ́yìn náà sì tún fà á wá sí nǹkan bí ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹnu kan náà tí ń fi 1,000 ọdún yangàn níwájú àlejò ni ó ń sọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé irọ́ ni kábọ́ọ̀nù. Kí ni ká ti pe oníṣòwò gàrí tí ó ní kóńgò kan fún rírà, tí ó ní òmíràn fún títà?

Iṣẹ́ tí kábọ́ọ̀nù ń ṣe kò ṣòro í yé. Ìtànṣán láti òfuurufú ń kọlu afẹ́fẹ́ náítírójìn lókè, ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kábọ́ọ̀nù 14. Ewéko ń fà á mọ́ra, ẹran ń jẹ ewéko, ènìyàn ń jẹ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ohun ẹlẹ́mìí bá kú ni gbígbà dópin, èyí tó wà nínú rẹ̀ á sì máa padà di náítírójìn díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí 5,730 ọdún bá kọjá, ìdajì ní ń kù. Bí iye yẹn bá tún kọjá, ìdajì ìdajì. Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ni wọ́n fi ọgbọ́n yìí hàn ní 1949, wọ́n sì fún Libby ní ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Tí ọdún bá ti tó 50,000, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú irinwó, òṣùwọ̀n sì ti dé òpin agbára rẹ̀. Báwo wá ni irú èyí yóò ṣe wọn ayé?

Àwọn arákùnrin wa tí ń tẹ̀lé Henry Morris, ẹni tí òun àti John Whitcomb kọ ìwé lórí Ìkún Omi ní 1961, ní ẹ̀sùn mélòó kan tí kò yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ìṣáwùrú tí ó ṣì wà láàyè ti jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni ẹgbẹ̀rún ọdún. Òótọ́ ni, Keith àti Anderson ni wọ́n kọ ọ́ síta ní 1963, onímọ̀ sì ni wọ́n, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀: kábọ́ọ̀nù àtijọ́ láti inú ewéko tó ti jẹrà, àti níbòmíràn láti inú òkúta ẹfun, ń bá omi wọ inú ìkarahun. Ará Ìwópìn tàbí Àbígí tí ó bá fẹ́ fi ìkarahun etí ọ̀sà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí ó mọ èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ní kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Òótọ́ tún ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òrùka igi ṣe àtúnṣe ìṣirò. Ẹ̀yin onípákó Ìjẹ̀bú-Igbó tí ń wo ojú ìtì lẹ́yìn tí ayùn bá ti gé e kọjá mọ òrùka tí mo ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi igbó wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ọdún sọ́tọ̀, nítorí òtútù kò pa ààlà fún un. Ní Jámánì, òtútù ń pa ààlà yìí, wọ́n sì ti so òrùka igi òkú mọ́ ti igi ààyè títí tí iye rẹ̀ fi lé ní 12,000 ọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ti èédú inú ilẹ̀ àti dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ní a bá kábọ́ọ̀nù 14 nínú wọn, èyí kò tó nǹkan tí ìdọ̀tí ilé àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè bù sí i.

Ọjọ́ orí ayé gan-an kọjá agbára kábọ́ọ̀nù. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà: òkúta ni a ń bi léèrè. Uranium ń di òjé, ìdajì rẹ̀ sì ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún. Ọ̀nà òjé yìí ni Clair Patterson tọ̀ ní 1956, tí ó fi òkúta tó já láti ojú ọ̀run ṣírò ọjọ́ orí ayé sí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Àwọn òkúta àtijọ́ kan ní agbègbè Ìbàdàn lé ní bílíọ̀nù méjì. Òkúta ẹfun Ewékorò, tí à ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì, kún fún ìkarahun ẹran inú òkun, níbi tí òkun kò sí mọ́ lónìí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹsẹ kan nínú Bíbélì tí ó sọ pé ayé pé 6,000 ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Ussher ni ó ka ìran kún ìran ní 1650, tí ó dé 4004 ṣáájú Olúwa wa, tí àwọn atẹ̀wé sì wá ń tẹ ọdún wọ̀nyí sí etí ojú ewé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, títí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé Mósè ni ó kọ ọ́. Kùránì náà kò kọ iye ọdún. Ẹni tí ó bá sì so ìgbàgbọ́ ọmọ mọ́ ìṣirò Ussher ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ń pa lápálápá, nítorí ọmọ náà yóò wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, yóò gbọ́ ti Ìhò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun, níbi tí Thurstan Shaw ti hú egungun ènìyàn ní 1965, tí kábọ́ọ̀nù sì fi hàn pé èédú tó wà nítòsí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún; bí ó bá sì rí i pé ohun tí a kọ́ ọ nílé ìsìn kò dúró, yóò fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún un dànù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Kí ilé-ìwé girama wa kọ́ ọmọ ní ohun tí kábọ́ọ̀nù lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, kí olórí ìjọ àti lèmọ́mù sì pe àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ láti Olabisi Onabanjo University wá sí ìpàdé ọ̀dọ́ wọn kí wọ́n tó wàásù lórí rẹ̀. Kí àwọn ọba àti ìjòyè sì dá ọwọ́ tìpá dúró lára Erédò, níbi gbogbo tí ó bá gbà kọjá, nítorí láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí UNESCO, síbẹ̀ a ń wà á kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kọ́lé, ẹ̀rí tó kù sì ń bá erùpẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rí èédú lábẹ́ odi náà, kí ó má fi ọwọ́ lásán gbé e, kí ó má sì fi bébà tàbí òwú wé e. Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ó sàmì sí ibẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ pe àwọn onímọ̀.