Iná Lókè Omi Iyọ̀

Òkun jìnnà sí wa ní Tchaourou. Láti ibí dé etíkun Cotonou ju 300 kìlómítà lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ni kò sì tíì fi ojú kan ìgbì rí. Nítorí náà ni a ṣe gbé omi òkun wá fún wọn: bidon lítà 25 mẹ́rin, ẹja kéékèèké mélòó kan, àti àpótí onígíláàsì tí a gbé ka orí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àwọn ọmọ a máa yà wò ó lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á fi imú kan gíláàsì, wọ́n á sì gbàgbé àtilọ sílé.

Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò béèrè ju ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ. Iyùn alààyè ni ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí àwọn ewéko tíntìntín tí ń gbé inú ara rẹ̀ ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún un. Àwa kò sì ní iyùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fẹ́ rí àwọ̀ ẹja ní ìrọ̀lẹ́. A fi okùn iná fúnra rẹ̀ so àtùpà rọ̀ sókè omi, lórí ìṣó kan ṣoṣo.

Iyọ̀ tí a fi ń kan ọmọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ, tí àwọn obìnrin Djègbadji lẹ́bàá Ouidah ń sè jáde láti inú ilẹ̀ etí ọ̀sà, kì í dúró sójú kan. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Nínú lítà 100 tiwa, kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Bí omi bá ta sókè tí ó sì gbẹ, iyọ̀ funfun á kù lára okùn, lára àtùpà, lára ìṣó. Irin á dógùn-ún. Omi náà sì ń gbé iná mànàmáná rìn, ó lè tó ìlọ́po 100 ti omi kànga.

Ní òru ọjọ́ kan, ìṣó já. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí àtùpà nínú omi, kò tàn mọ́, a rò pé ó ti kú. A ti ọwọ́ bọ omi láti yọ ọ́. Iná gbé wa, ó sì jù wá lu ògiri. Bàtà rọ́bà tí a wọ̀ ni ó yọ wá. Ká ní ọmọ kan ni ó kọ́kọ́ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, láìwọ bàtà, lórí sìmẹ́ńtì tútù! Ìyá àwọn ọmọ wa ní kí a da omi náà nù. A bẹ̀ ẹ́ títí.

Nísinsìnyí, irin méjì tí kì í dógùn-ún ni ó gbé àtùpà kọ́ mọ́ igi àjà, bí ọ̀kan bá já, èkejì tó gbé e. Okùn iná kò ru ẹrù kankan. LED fọ́ltì 12 ni àtùpà náà. Kò gbóná púpọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń sọ iná ilé di kékeré sì jìnnà sí omi. Gíláàsì bo ojú àpótí. Ojúhò iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lábẹ́, okùn sì kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè lọ bá a. A ń fi aṣọ tútù nu iyọ̀ kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ okùn kúrò lára ògiri. Oníṣẹ́ iná sì fi disjoncteur différentiel 30 mA sí i: ó ń fi iná tí ó jáde wé èyí tí ó padà, bí wọn kò bá dọ́gba, ó gé e kí ojú tó ṣẹ́. Owó rẹ̀ ju ti àtùpà lọ. Ó ní bọ́tìnnì ìdánwò tí à ń tẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹni tí ó ń sin ẹja àrọ̀, tí ó ń bu iyọ̀ sómi láti fi wo ẹja, tí ó sì so iná kọ́ sókè odò, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọdébìnrin kan bi wá pé kí ló dé tí okùn fi lọ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè. A yọ okùn kúrò, a da omi díẹ̀ sí i lára. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ibi tí ó ti tẹ̀, níbi tí omi náà ti ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó.