Ẹ̀rọ Fídíò Ni Yóò Kọ́kọ́ Kú

Inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí lókè kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò àwọn ìnáwó ayé ọjọ́sí wà ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Ìsìnkú ìyá àgbà wà níbẹ̀, ìwúyè bàbá wà níbẹ̀, ìkómọ ẹni tó ti di ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Onílé fọkàn balẹ̀ pé òun ti tọ́jú wọn. Kò tíì tọ́jú nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé téèpù ń gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé e ni yóò kọ́kọ́ dágbére. JVC ló gbé VHS, irú kásẹ́ẹ̀tì yìí, jáde ní Japan lọ́dún 1976. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2016, Funai, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àlòkù ni gbogbo èyí tó kù nílẹ̀ lónìí. Lọ́dún 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán kárí ayé, kìlọ̀ pé téèpù tí wọn kò bá dà sórí kọ̀ǹpútà títí di nǹkan bí ọdún 2025 lè dohun tí ẹnikẹ́ni ò ní rí wò mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá náà ti pé.

Nítorí náà, kí ìdílé tó ní kásẹ́ẹ̀tì dà á fúnra wọn, kí wọ́n sì fi Linux dà á. Ọ̀fẹ́ ni Linux, láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ tí Windows tuntun ti kọ̀ sílẹ̀ lè gbé e. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ fídíò tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn, àti ohun ìgbàwòrán kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. EasyCap ni wọ́n sábà ń pè é. Díìsìkì tó máa ń bá a wá kò wúlò fún Linux, torí àwọn tó ń kọ Linux ti fi ètò tó ń bá ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sọ̀rọ̀, bíi stk1160 àti usbtv, sínú rẹ̀ tipẹ́. (EasyCap jọra lóde, inú wọn ò rí bákan náà. Kí èèyàn dán an wò kó tó sanwó.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, PAL ni Nàìjíríà ń lò, ìlà 625, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, ìlà 525, àwòrán bí 30. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ránṣẹ́ láti Houston, tí wọ́n wá gbé e sí PAL, àwòrán á máa yí gbirigbiri, gèlè aláràbarà á di eérú. Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù. Kò sóhun tó ṣe é. Ètò kékeré tó ń jẹ́ v4l2-ctl ni wọn ì bá fi sọ fún Linux pé NTSC ni, lórí ẹ̀rọ fídíò tó lè gbé méjèèjì.

Téèpù wákàtí kan, wákàtí kan gbáko ni dídà rẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Tí lẹ́búlẹ́bú funfun bá sì hàn lójú gíláàsì kásẹ́ẹ̀tì, ó ti bu nìyẹn. Wọn ò gbọ́dọ̀ kì í bọnú ẹ̀rọ, torí á ba irin kékeré tó ń ka téèpù jẹ́, á sì ran èyí tó bá tẹ̀ lé e.

Àwọn kan á dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi fóònù ká a, iná yàrá á sì máa dán lójú olóògbé. Àwọn mìíràn á ní kí fáìlì kéré kó lè gba WhatsApp. Ìwà ìfiṣẹ́ṣeré ni méjèèjì. Fídíò PAL tí wọn ò fún pọ̀ rárá ń gba nǹkan bí gígábáìtì 75 ní wákàtí kan. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ń jẹ́ FFV1, tó wà nínú ètò ffmpeg lọ́fẹ̀ẹ́, ń fún un pọ̀ gan-an láìgé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Òun ni Österreichische Mediathek, ibi ìpamọ́ ohùn àti fídíò ní Vienna, fi ń tọ́jú fídíò tiwọn. Èyí ni kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n wá ti ara rẹ̀ ṣe fáìlì H.264 kékeré fún àwọn ẹbí.

Ó sì lè má jẹ́ ìnáwó nìkan ló wà nínú páálí, fíìmù ayé ọjọ́sí náà lè wà níbẹ̀. Kí fíìmù Living in Bondage tó jáde lọ́dún 1992, Kenneth Nnebue tó gbé e jáde ti fowó sí fíìmù Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, Ajé Ni Ìyá Mi, tó jáde lórí VHS lọ́dún 1989.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n má tíì ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní vhs-decode, tó ń gba àmì téèpù níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á gan-an, kí kọ̀ǹpútà wá sọ ọ́ di àwòrán fúnra rẹ̀. Wọ́n ní láti tú ẹ̀rọ fídíò, kí wọ́n jó wáyà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí EasyCap ti dà lè mú àwòrán tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jáde lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe.